Àìgbóhùn Kọ́ Ni Ikú: Wíwá Àléébù Ìbánisọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Nínú Ọkọ̀ Háíbírídì, Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ

Ìfáárà

Ọkọ̀ háíbírídì ni ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù àti mọ́tò oníná rìn pọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Toyota kọ́kọ́ gbé Prius jáde fún títà ní Jàpáánì. Ọ̀rọ̀ irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní Sókótó. Jelani Aliyu, tó kàwé ní Sókótó, ni ó ya ìrísí òde Chevrolet Volt, ọkọ̀ tó ń lo iná àti epo, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní ìparí ọdún 2010. Lásìkò tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ NADDC, ní ọdún 2021, ni àjọ náà ṣí ibùdó tí a ti ń fi iná oòrùn gba agbára sí bátìrì ọkọ̀ ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, Sókótó.

Ọkọ̀ ti dé. Ẹni tí yóò tún un ṣe ńkọ́? Ká ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dákú sí Kofar Rini, tí síkánà sọ pé a kò gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà kan. Ohun tó sáré wá sọ́kàn ẹlòmíràn ni pé kí olówó ọkọ̀ lọ ra "brain box" mìíràn. Èrò wa nínú pépà yìí ni pé àìgbóhùn kọ́ ni ikú, àti pé ìlànà tó yanjú èyí ṣeé kọ́ ní kíláàsì.

Bí ọkọ̀ ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀

Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ti mọ́tò oníná, ti bátìrì ńlá àti ti bíréèkì kò lè dá ṣiṣẹ́. Orí wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ síra wọn. Ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ló gbé ètò yìí, tí à ń pè ní CAN, jáde ní ọdún 1986. Ó dà bí ìgbà tí akéde bá lu agogo: gbogbo ìlú ló ń gbọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń dá sí i. Ní ìparí wáyà náà lọ́tùn-ún lósì, adènà-iná oní-120 ohm kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kí ohùn má baà ta padà bíi gbohùngbohùn.

Bí kọ̀ǹpútà kan kò bá gbọ́ ti èkejì, yóò kọ kóòdù tó fi U bẹ̀rẹ̀. U0100 ń sọ pé a kò gbọ́ ti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. U0111, ti bátìrì ńlá. U0293, ti kọ̀ǹpútà tó ń darí ètò háíbírídì. Ẹ kíyè sí i: ẹjọ́ ẹni tí kò gbọ́ ni kóòdù ń rò. Kò sọ pé ẹni tí a kò gbọ́ ti kú.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin

Èkíní, bátìrì kékeré oní-12 fólítì. Prius kò ní áltánétọ̀. Bátìrì ńlá ló ń bọ́ kékeré. Bí kékeré bá kún, tó sì wà ní ìsinmi, yóò tó 12.6 fólítì. Bí ó bá rẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún yẹ fíúsì àti áàtì wò.

Èkejì, ẹ ka kóòdù inú gbogbo kọ̀ǹpútà, kí ẹ kọ ẹni tó ń fẹjọ́ sùn àti ẹni tí wọ́n ń fi sùn. Bí gbogbo wọn bá ń dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ wá iná, áàtì àti wáyà tirẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀nà àjùmọ̀lò ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta, ẹ tú bátìrì kékeré, kí ẹ fi míta wọn ihò 6 àti 14 ní ojú tí síkánà ń wọ̀. Nǹkan bíi 60 ohm ló yẹ kó hàn, nítorí adènà-iná méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ 120, apá kan ti já. Bí ó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kanra. Eku a máa jẹ wáyà, omi a sì máa mú ojú ìsopọ̀ dógùn-ún. Àwọn ọkọ̀ kan ní kọ̀ǹpútà tó dúró bí ẹnubodè, bí Kofar Rini ṣe jẹ́ ẹnubodè. Níbẹ̀, ìwọ̀n yìí kò kọjá ẹnubodè, ẹ óò tún wọn ti inú.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀nà kò bá tíì là, ẹ máa yọ kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bátìrì kékeré ní títú. Èyí tí ẹ yọ tí ohùn àwọn yòókù fi padà, òun tàbí wáyà rẹ̀ ló ń da ìlú rú. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ rírà tó wáyé.

Ààbò ẹ̀mí

Wáyà CAN kò gbé iná tó lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n wáyà aláwọ̀ ọsàn lè pa á: bátìrì ńlá Prius ìran kejì jẹ́ 201.6 fólítì. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà ọsàn láìwọ ìbọ̀wọ́ oní-1000 fólítì, láìyọ púlọ́ọ̀gì ààbò, àti láìdúró fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán.

Àbá àti ìgúnlẹ̀

A kò nílò ọkọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Pátákó kan, wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra, adènà-iná oní-120 ohm méjì àti míta ti tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn 60. Kí ó já wáyà, kí ó rí 120. Kí ó mú wáyà kanra, kí ó rí òdo. Kí ó ṣàlàyé ohun tó rí ní èdè tó gbọ́ jù, ìbáà ṣe Haúsá tàbí Yorùbá, kó tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè sọ ìdí tí 60 fi di 120 kò ní rán olówó ọkọ̀ lọ ra ohun tí kò bàjẹ́.