Alẹ́ Ni Kí Ẹ Yẹ Ilé Adìyẹ Wò

Ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sin adìyẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, fún ẹyin àárọ̀ àti fún ọbẹ̀ ọdún. Àmọ́ tí ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta bá mú, tí òjò àkọ́rọ̀ sì tẹ̀ lé e, nǹkan lè yí padà. Àgbébọ̀ tó sàba lé ẹyin á ṣàdédé fi ẹyin sílẹ̀. Ogbe rẹ̀ á ṣì, kò sì ní fẹ́ wọlé sùn mọ́. Àwọn kan á ní ìwàkiwà ni, wọ́n á sì pa á jẹ. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóru.

Kòkòrò pupa kan wà tó kéré gan-an, eégbọn adìyẹ sì wà. Inú igi àti ògiri tó sán ni wọ́n máa ń sá pa mọ́ sí lọ́sàn-án. Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á jáde wá jẹun. Ìdí nìyẹn téèyàn fi lè gbé adìyẹ lọ́sàn-án, kó tú ìyẹ́ rẹ̀ wò, kó má sì rí nǹkan kan. Tí ooru bá mú dáadáa, kòkòrò pupa yìí lè ti inú ẹyin di àgbà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè wà fún oṣù mélòó kan láìmu ẹ̀jẹ̀. Ti eégbọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè lò ju ọdún kan lọ láìjẹun, ó sì lè kó àrùn ibà tó ń pa adìyẹ ràn wọ́n. Torí náà, ẹni tó ta gbogbo adìyẹ rẹ̀, tó fi ilé wọn sílẹ̀ lófìfo fóṣù kan, tó wá kó tuntun síbẹ̀, oúnjẹ ló gbé wá fún wọn.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́. Ẹ fi aṣọ funfun nu abẹ́ igi tí àwọn adìyẹ ń bà lé sùn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá yí aṣọ náà, ẹ ti mú olè. Ẹ kó koríko ibi tí wọ́n ń yé sí jáde, kẹ́ ẹ sì sun ún. Ẹ kó àwọn adìyẹ kúrò, kẹ́ ẹ da omi tó ń hó sí gbogbo ibi tó sán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì dí i. Ẹ bó èèpo ara igi náà kúrò. Tó bá di nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, ẹ tún da omi gbígbóná sí i, torí àwọn ẹyin tó kù á ti pa.

Ọ̀rọ̀ iná adìyẹ yàtọ̀. Ara adìyẹ gan-an lòun ń gbé tọ̀sán-tòru, ó sì máa ń yé ẹyin sí ìdí ìyẹ́, pàápàá nítòsí ihò ìdí. Iyanrìn gbígbẹ tẹ́ ẹ po eérú mọ́, lábẹ́ òrùlé tí òjò ò lè dé, máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn fúnra wọn á yíra nínú rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá sì rí gbàjẹ̀gbàjẹ̀, tó le bí èèpo igi, kòkòrò míì ló wà lábẹ́ ìpẹ́ ẹsẹ̀ náà. Òrí, táwọn ará Kumasi ń pè ní nkuto, wúlò níbẹ̀: ẹ máa fi pa á déédéé.

Ibi tó léwu jù ni oògùn. Ẹ má fọ́n oògùn ẹ̀fọn tàbí ti oko sára adìyẹ. Lọ́dún 2017, àìmọye mílíọ̀nù ẹyin ni wọ́n kó dà nù ní Yúróòpù, torí pé wọ́n lo oògùn fipronil tí òfin ò gbà láyè láti fi pa kòkòrò pupa yìí kan náà nílé adìyẹ. Oògùn náà wọnú ẹyin. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran wà ní yunifásítì KNUST ní Kumasi, nítorí náà ìmọ̀ ò jìnnà. Tí dókítà ẹran bá fún yín ní oògùn, ẹ bi í léèrè iye ọjọ́ tẹ́ ò fi ní jẹ ẹyin.

Adìyẹ tẹ́ ẹ bá sì rà bọ̀ láti ọjà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bá àwọn tó kù sùn.