Ta Ló Máa Sọ fún Ẹni Tó Háyà Bàálù Pé Kó Dúró?

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2015, hẹlikópítà Bristow kan tó ń kó òṣìṣẹ́ epo bọ̀ láti ojú òkun já sínú ọ̀sà ní Oworonshoki, Èkó, lórí omi kan náà tí àwọn apẹja Makoko ń tukọ̀ sí. Ènìyàn 12 ló wà nínú rẹ̀, 6 kú. Àwọn olùwádìí rí i pé ọ̀pá ìdarí kan ló yọ, kò sì pẹ́ tí Sikorsky tó ṣe ẹ̀rọ náà fi ní kí gbogbo ẹni tó ń lo irú rẹ̀ yẹ ọ̀pá ọ̀hún wò. Irin lè yẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí tó yẹ ká bi ara wa léèrè ni ìgbà tí ẹ̀rọ ti ké, tí ènìyàn kò dúró.

Ẹ wo bàálù àháyà Associated Airlines tó gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Òǹdó tẹ́lẹ̀, láti Ìkẹjà lọ sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tẹná mọ́ ọn, ohùn ẹ̀rọ ti ń kìlọ̀ pé àwọn apá kékeré tí bàálù ń nà jáde kó tó gbéra kò sí bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì kan pẹ̀lú kò lágbára tó. Wọ́n ṣì ń sáré lọ. Bàálù náà kò lè ga. Nínú ènìyàn 20, 16 kú. AIB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù ní Nàìjíríà nígbà náà, dárúkọ àìdúró yẹn gan-an nínú ohun tó fa ìjàǹbá náà. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá pariwo “ẹ gbéra” kí irú èyí tó ṣẹlẹ̀. Nínú bàálù onítíkẹ́ẹ̀tì, èrò lè bú awakọ̀ títí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Ti àháyà yàtọ̀: ẹni tó sanwó gbogbo bàálù jókòó sẹ́yìn awakọ̀, òde ti pé jọ níbi tó ń lọ. Ọlọ́kọ̀ ojú omi Makoko tí ẹnì kan ṣoṣo háyà nígbà tí òjò ṣú mọ ohun tí mò ń wí. Bó bá sì ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí nǹkan kan kò ṣe é, ìkìlọ̀ di ariwo lásán.

Àwọn kan á ní àìlówó Nàìjíríà ló fà á. Hẹlikópítà tó já ní California ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2024, tó pa àwọn oníṣòwò Nàìjíríà Herbert Wigwe àti Abimbola Ogunbanjo pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin mìíràn, kì í ṣe ti ìlú tálákà. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí wọ́n ṣe ga tó sílẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbéra, wọ́n gbéra. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní awakọ̀ ń bá a lọ nínú ojú ọjọ́ tí kò jẹ́ kó ríran, ó sì dá ilé iṣẹ́ tó ń fi hẹlikópítà náà ṣiṣẹ́ lẹ́bi pé wọn kò mójú tó ètò ààbò wọn.

Àwọn mìíràn á ní NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú Nàìjíríà, wà. Ó wà, ó ń yẹ ìwé àṣẹ wò, ṣùgbọ́n kì í sí nínú bàálù láàárọ̀ tí oníbàárà ń wo aago. Ohun tó lè ran awakọ̀ lọ́wọ́ ni kí àdéhùn háyà sọ ọ́ kedere pé owó kò ní dínkù bí awakọ̀ bá kọ̀ láti gbéra. Yóò wọ́n sí i, lóòótọ́. Kí ayẹ̀wò NCAA sì bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé kan: àkọsílẹ̀ ìrìn àjò tí awakọ̀ fagi lé. Ilé iṣẹ́ tí ìwé tirẹ̀ bá ṣófo fún ọdún kan gbáko, pẹ̀lú òjò àti ọyẹ́ Èkó, ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá.