Kaduna Kọ́ Ni Wọ́n Ti Ya Pijó 504

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ta ni kò mọ Pijó 504 láàárín wa? Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Pijó pọ̀ níhìn-ín, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ Kaduna kọ́ ni wọ́n ti ya àwòrán 504. Kì í tilẹ̀ ṣe ilẹ̀ Faransé tó ni Pijó. Ìlú Turin ní Ítálì ni, ní ṣọ́ọ̀bù Pininfarina, mọ́tò náà sì jáde lọ́dún 1968.

Kí ló gbé àwọn Faransé lọ sí Turin? Ibẹ̀ ni àwọn tó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kóra jọ sí. Fiat ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1899. Bertone dé lọ́dún 1912, Ghia tẹ̀ lé e, Pininfarina bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1930, Italdesign lọ́dún 1968. Nítòsí àwọn ayàwòrán wọ̀nyí ni àwọn agbẹ́gi wà, àti àwọn panẹ́ẹ̀lì bítà tó ń lu irin lórí igi tí wọ́n gbẹ́, títí tí yóò fi rí bó ṣe yẹ kó rí. Bí ayàwòrán bá fa ìlà tí irin kò lè gbà, kíá ni panẹ́ẹ̀lì bítà yóò sọ fún un. Wọn yóò tún un ṣe kí iléeṣẹ́ tó náwó ńlá sórí ẹ̀rọ.

Ìmọ̀ tún ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ wo Giorgetto Giugiaro. Ó ṣiṣẹ́ ní Fiat, ó lọ sí Bertone, ó lọ sí Ghia, kí òun àti ẹlòmíràn tó dá Italdesign sílẹ̀. Òun ló ya Golf àkọ́kọ́ fún Volkswagen ilẹ̀ Jámánì, tó jáde lọ́dún 1974.

Àmọ́ nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ mọ́tò ńlá ń ya àwòrán fúnra wọn, nǹkan le fún Turin. Volkswagen ra Italdesign lọ́dún 2010, Bertone kógbá sílé lọ́dún 2014, Mahindra ti ilẹ̀ Íńdíà sì ṣàdéhùn láti ra Pininfarina lọ́dún 2015. Ẹni tó bá gbójú lé oníbàárà ńlá díẹ̀, kó máa ṣọ́ra.

Ní Panteka níhìn-ín, Hausa, Ìgbò àti àwa náà la jọ ń ṣiṣẹ́. Wẹ́dà wà, káfíńtà wà, ọwọ́ wọn sì dá múṣé. Ayàwòrán ló ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọmọ wa tó kọ́ yíya àwòrán ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń wá kiri. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tí wẹ́dà ṣe lésìí náà ló tún ń ṣe lọ́dún yìí.

Àbá mi rèé. Kí ẹgbẹ́ wa gba ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Panteka, kí a fi ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó mọ àwòrán síbẹ̀. Kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá, láìbèèrè ìlú tó ti wá. Kí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ náà má sì fi ìmọ̀ pa mọ́ fún ara wọn mọ́.

Igi kan kì í dágbó ṣe. Ẹ jẹ́ ká fọ̀rọ̀ yìí jomi tooro ọ̀rọ̀ nípàdé oṣù yìí. Olúwa yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa o.