Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kò tíì jẹ̀bi: Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ ní kóòtù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àyà rẹ̀ máa ń já tí wọ́n bá mú ìwé kóòtù wá bá a nílé. Ẹlòmíràn á fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí, á ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ bá pé, kò ní yọjú. Kóòtù sì lè gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì dá ẹni tó wá láre. Báyìí ni ilé tí bàbá fi sílẹ̀ ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ni ín. Ó yẹ kí gbogbo ìdílé Mùsùlùmí mọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù ni olùpẹjọ́. Èdè Lárúbáwá ń pè é ní mudda'ī. Ẹni tí wọ́n pè ni olùjẹ́jọ́, mudda'ā 'alayhi. "Jẹ́" tó wà nínú "jẹ́jọ́" ni a ń lò nínú "jẹ́ ìpè": kí ènìyàn dáhùn ni. Nítorí náà, jíjẹ́jọ́ yàtọ̀ sí jíjẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ni, abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé ó jẹ̀bi. Abala yìí kan náà fún un ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè tí kóòtù ń sọ. Màmá wa tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ máa mi orí sí ohun tí kò yé e. Kí ó sọ pé Yorùbá ni òun gbọ́.

Agbẹjọ́rò

Ẹni tó gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò ni agbẹjọ́rò, ìyẹn lọ́yà. Wakīl ni wọ́n ń pe irú aṣojú bẹ́ẹ̀ ní Lárúbáwá. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun kan: agbẹjọ́rò kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Bó ti wù kí ọ̀rọ̀ àsọkágbá rẹ̀ dùn tó, kò lè dípò ẹ̀rí tí kò sí. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti ran aláìní lọ́wọ́.

Ẹnu tó mú tún ní ewu tirẹ̀. Nínú hádíìsì tí Umm Salamah gbà wá, èyí tó wà nínú Bukhari àti Muslim, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ kó yé wa pé ohun tí òun bá gbọ́ ni òun ń fi dájọ́, àti pé ẹnìkan lè mọ ẹjọ́ rò ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ẹni tí a bá torí bẹ́ẹ̀ fún ní ẹ̀tọ́ ọmọlàkejì rẹ̀, iná ni ó gbà. Ìdájọ́ kóòtù kò sọ ohun olóhun di tiwa lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ẹ̀rí àti ìbúra

Ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni pé ọrùn ẹni tó ń sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ ni ẹ̀rí, bayyinah, wà; ọrùn ẹni tó sẹ́ ni ìbúra, yamīn, wà. Òfin ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011 náà sọ ọ́ ní abala 131 pé ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù gba ohun tí òun sọ gbọ́, òun ni yóò fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Ká sọ pé Alhaji kan yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí. Bí ọ̀rẹ́ náà bá sẹ́, kí ni Alhaji yóò fi hàn? Níwájú alùkáálì, ọ̀rẹ́ yẹn lè búra kí ó sì máa lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ìbúra èké di ti òun àti Ọlọ́hun. Ní kóòtù ìjọba, ìbúra kì í parí ẹjọ́: ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ló ń búra kí ó tó sọ̀rọ̀, adájọ́ yóò sì wo èyí tó wúwo jù nínú ẹ̀rí ọ̀tún àti òsì. Ti ẹ̀sùn ọ̀daràn le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dájú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní sí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání. Abájọ tí Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé fi pàṣẹ nínú Sūratul-Baqarah, āyah 282, pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí a sì wá ẹlẹ́rìí.

Ìdájọ́ àti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ rántí ìtàn Ànábì Dáúdà nínú Sūratu Sād, nígbà tí ẹnìkan wá fẹjọ́ sùn pé arákùnrin òun tó ní abo àgùntàn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tún ń fẹ́ ẹyọ kan tí òun ní. Àwọn onímọ̀ kan ṣàlàyé pé Ànábì Dáúdà sọ̀rọ̀ kí ó tó gbọ́ ti ẹnìkejì, ìdí nìyẹn tí ó fi tọrọ àforíjìn.

Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Láti Kóòtù Gíga lọ sí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, oṣù mẹ́ta ni òfin fún ẹni tí ìdájọ́ àṣekágbá bá ṣẹ̀ lórí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ti ọ̀daràn jẹ́ àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ní Kwara, Kóòtù Ṣáríà Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ogún àti irú wọn láàrin Mùsùlùmí.

Àmọ́ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó ṣáájú gbogbo èyí: sulh, ìlàjà. Ẹ pe àwọn àgbà ìdílé àti áfáà jókòó ná. Bí ó bá kọ̀ tí ìwé kóòtù dé, ẹ ṣí i, ẹ wo ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì lọ jẹ́jọ́ yín.