A Ń Múra Ìrìn-àjò Ìgbéyàwó sí Ilẹ̀ Íńdíà

Bí Ọlọ́run bá fẹ́, nínú oṣù Kọkànlá tí ń bọ̀ yìí ni a ó wọ ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, a ó sì forí lé ìlú Jaipur ní ilẹ̀ Íńdíà. Ìgbéyàwó ni ó ń gbé wa lọ. Ọmọ-ọmọ olùkọ́ wa àtijọ́ ni ìyàwó; ọ̀rọ̀ náà sì ti gba gbogbo ilé wa kan.

Àwọn tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Yorùbá láàrin ọdún 1970 sí 1985 kò ní ṣàìrántí pé àwọn ará Íńdíà pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nígbà náà. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá yìí. Ọdún 9 ni ó fi bá wa gbé. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi èdè wa ná ọjà, kò sì sí ọlọ́jà tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tí owó náírà wálẹ̀ ní ọdún 1986, wọ́n kó ẹrù padà sí ìlú wọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò dá láàrin àwa àti bàbá. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ìwé ni bàbá fẹ́ràn. Ó ti di ẹni ọdún 86, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Láti ọdún 4 sẹ́yìn ni ọmọ-ọmọ yìí ti ń bá a kọ lẹ́tà, tí ó sì ń ka tiwa sí i létí. Èyí tí ó kọ kẹ́yìn kò gùn: ó ní kí a wá, kí òun tún gbé ọwọ́ lé wa lórí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ilẹ̀ wọn, ọmọdé a máa bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, àgbà a sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Èyí kò lè ṣòro fún ẹni tí a bí ní ilẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀.

Kí a tó sọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ ká wa lára. Ìjọba Íńdíà fẹ́ kí ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà wá mú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ pé ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ní ọjọ́ 10 ṣáájú. Ẹni tí kò bá ní i, wọn lè yà á sọ́tọ̀ títí di ọjọ́ 6. Ta ni yóò ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ lọ sí ìgbéyàwó, kí ó wá wà ní àhámọ́ nígbà tí ìlù ń dún? Láti ọdún 2016, ìwé ẹ̀rí náà ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. A ti gbà á.

Aṣọ funfun ti padà sínú àpótí, nítorí aṣọ ọ̀fọ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Pupa ni ti ìyàwó. Ìyá àwọn ọmọ wa sì ti yan aṣọ òkè aláwọ̀ ewé, ó ní òun kò ní í bá ìyàwó du pupa.

Làálì tí àwọn obìnrin wa mọ̀ ni wọn fi ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a sì máa wí pé bí ó bá ti pọ́n tó ni ìyá ọkọ yóò ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. (Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ gbọ́!) Ọkọ a máa gun ẹṣin wá pẹ̀lú ìlù àti fèrè, àwọn ènìyàn rẹ̀ a máa jó níwájú, àwọn àbúrò ìyàwó a sì jí bàtà rẹ̀ pamọ́, wọn kò ní í dá a padà àfi bí ó bá sanwó. Ẹ̀rín pa wá nígbà tí a gbọ́ èyí. Ta ni kò tíì rí àwọn obìnrin ilé wa tí ń gba owó ìṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹbí ọkọ níbi ìdána?

Ṣùgbọ́n níwájú iná ni ohun gbogbo ti ń parí. Ọkọ àti ìyàwó a gbé ìṣísẹ̀ 7 pọ̀, ẹ̀jẹ́ kan fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin ìgbéyàwó Híńdù ti ọdún 1955 sọ ọ́ gbangba pé níbi tí a bá ti ń ṣe àṣà yìí, ìṣísẹ̀ keje ni ó so ìgbéyàwó náà. Ìkẹfà kò tíì tó.

Ohun kan wà tí a kò lè fojú fò. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ ni ń gbé owó orí wá. Lọ́dọ̀ wọn, ẹbí ìyàwó ni ó ti ń ru ẹrù wúwo láti ìgbà pípẹ́, láti kó owó àti ẹrù fún ilé ọkọ. Òfin ọdún 1961 kà á léèwọ̀, síbẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀, ó sì ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin jẹ́. A béèrè lọ́wọ́ bàbá láìfi bò. Ó dáhùn pé ẹbí ọkọ kò béèrè kọ́bọ̀. Ọkàn wa balẹ̀. Rúpìì 5,001 ni ẹ̀bùn tiwa yóò jẹ́, nítorí wọn a máa fi ẹyọ kan lé owó tí ó bá pé.

Ìdágbére ni a ń rò jù. Ìyàwó a bu ìrẹsì, a dà á sẹ́yìn kọjá orí rẹ̀ sí ilé àwọn òbí rẹ̀, a sì máa lọ. Ẹkún a sọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó ní agbègbè Ọ̀yọ́ rí, tí ọmọbìnrin ń fi ohùn arò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá kí ó tó jáde, kò ní í wá ògbufọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ka lẹ́tà sí bàbá létí lẹ́yìn náà? Nítorí èyí ni a kò fi ní í padà títí ọjọ́ 5 yóò fi kọjá lẹ́yìn ìgbéyàwó. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tí a ti tọ́jú láti ọdún 1987 ti wà nínú àpò. A ó jókòó tì í, a ó sì kà wọ́n sí i létí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.