"Aiteo": ṣé ká bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run ni, àbí ká pàṣẹ fún un?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà ràn-ìn lẹ́nu àwọn oníwàásù kan, nínú rédíò àti lórí fóònù. Wọ́n ní nígbà tí Jésù sọ pé kí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ bèèrè ní orúkọ òun (Jòhánù 14:13), ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀, aiteo, kì í ṣe "bèèrè" rárá. Wọ́n ní "pàṣẹ kí wọ́n fún ọ" ló túmọ̀ sí. Nítorí náà, bí aláìsàn bá gbàdúrà tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á ní òun ni kò mọ àṣẹ pa. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré o. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Aiteo ni pé kéèyàn fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, kó sì sọ ọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà, erotao, tí wọ́n máa ń lò fún bíbi èèyàn ní ìbéèrè, tí wọ́n sì tún ń lò fún ẹ̀bẹ̀. Àwa Yorùbá náà ní "bèèrè" tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, a sì tún ní "tọrọ".

Ibo wá ni "pàṣẹ" ti wọlé? Àwọn oníwàásù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń túmọ̀ aiteo sí demand. Ní Gẹ̀ẹ́sì, demand le: ẹni tó ní ẹ̀tọ́ tàbí agbára ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n demander ti Faransé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá kọ demande sí mairie, ta ló máa sọ pé a ń pàṣẹ fún maire?

Bíbélì fúnra rẹ̀ ló dára jù láti fi wọn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 3:2-3. Arọ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì, ó ń tọrọ owó. Ní ẹsẹ 2, aiteo ni Lúùkù lò fún un. Ní ẹsẹ 3, erotao ló lò, fún ọkùnrin kan náà àti owó kan náà. Ṣé alágbe máa ń pàṣẹ fún ẹni tó ń kọjá lọ ni?

Lóòótọ́, nínú Lúùkù 23:23, àwọn èrò tó fẹ́ kí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú fi tipátipá bèèrè, aiteo náà sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: Lúùkù ní láti fi kún un pé wọ́n ń pariwo, pé wọ́n sì ń rọ́ lu Pílátù. Bí aiteo nìkan bá ti túmọ̀ sí àṣẹ, kí ló tún ń fi ariwo kún un fún?

Ẹni tí à ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fi hàn bó ṣe yẹ ká bèèrè. Nínú Lúùkù 11:11, Jésù fi ọmọ tó ń bèèrè ẹja lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Aiteo ló wà níbẹ̀ náà. Nílé wa, ọmọ tó bá fẹ́ owó ilé ìwé máa ń kúnlẹ̀ ni. Kì í bẹ̀rù, torí bàbá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í pàṣẹ. Bí bàbá kò bá tíì fún un, ó lè padà wá lọ́la. Bí Mátíù 7:7 ṣe rí ní Gíríìkì gan-an nìyẹn: ẹ máa bèèrè, ẹ má ṣe dákẹ́.

Pọ́ọ̀lù náà bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí ó mú ẹ̀gún ara òun kúrò (2 Kọ́ríńtì 12:8-9). Kò kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ ni Olúwa ṣèlérí fún un, kò sì bá a wí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀bi lé aláìsàn lórí nítorí ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan. Ẹ bá a gbàdúrà, kí ẹ sì bá a wá ọ̀nà dé ilé ìwòsàn.