Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Ọkọ̀ Wágọ̀nù Ṣe fún Ọ̀nà Tí Kò Lọ́dà àti Ìpàgọ́

Wágọ̀nù ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí òrùlé rẹ̀ gùn dé ìdí, tí kò sí ògiri láàárín búùtù àti ibi tí èrò ń jókòó. Irú ara tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ mọ́ Peugeot 504 tó ń kó èrò láti ìlú dé ìlú ni. Bí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kì í ṣe méjì péré, ó lè la yìnyín, ẹrẹ̀ àti iyanrìn tí ẹni tó ń wo ìrísí rẹ̀ kò ní rò pé ó lè là. Ní Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti Japan, ọ̀pọ̀ ló ń rà á gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ẹbí. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á gbé e ga sí i, wọ́n á pààrọ̀ táyà rẹ̀, wọ́n á de àgọ́ mọ́ orí rẹ̀, wọ́n á sì forí lé aṣálẹ̀ tàbí ọ̀nà òkè. Volvo àti Audi náà ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n Subaru Outback ni wọ́n ń lò jù fún iṣẹ́ yìí, òun sì ni ẹ̀yà ara àfikún rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jà.

Àwọn tó kọ́kọ́ nílò rẹ̀ kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́. Ní àríwá ìlà-oòrùn Japan, níbi tí yìnyín ti ń bo ọ̀nà òkè mọ́lẹ̀ nígbà òtútù, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Tohoku ń wá ọkọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè gbé lọ tún wáyà ṣe, tí yóò sì tù wọ́n lára ju Jeep lọ. Fuji Heavy Industries, bí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Subaru ṣe ń jẹ́ nígbà náà, fi agbára kún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré kan tí iwájú nìkan ń fà tẹ́lẹ̀, nígbà tó sì di 1972, wọ́n gbé wágọ̀nù Leone tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn jáde fún títà. Nígbà náà, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fa ọ̀pá kan kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó dá sí iṣẹ́. Outback dé ní 1994, láti ara wágọ̀nù Legacy, òṣèré Ọsirélíà Paul Hogan ló sì ṣe ìpolówó rẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìpolówó náà fi ọkọ̀ hàn bí ẹni tó lè borí igbó àti odò, bẹ́ẹ̀ Legacy tí wọ́n gbé ga díẹ̀ ni.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ojúlówó ọkọ̀ igbó bíi Land Cruiser tàbí Wrangler wà lábẹ́, kò sí lójú. Èkíní, wágọ̀nù kò ní jíà kékeré, èyí tí ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di ọ̀pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rá pálá gun òkúta. Lẹ́ẹ̀kan rí, Subaru ta àwọn tó ní jíà kékeré ní Ọsirélíà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é mọ́. Èkejì, sìpíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ púpọ̀ bí ìkejì ṣe ń gòkè. Tí ọkọ̀ bá dé ibi gbágungbàgun, ẹsẹ̀ kan á kúrò nílẹ̀, á sì máa yí lófo, nítorí pé ẹsẹ̀ tí kò ní ohun tó dì mú ni agbára máa ń sá lọ bá. Ohun tí Subaru ṣe sí èyí ni X-Mode, tó kọ́kọ́ jáde lára Forester ọdún 2014. Bọ́tìnì kan ni: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa fi bíréèkì di ẹsẹ̀ tó ń yí lófo mú kí agbára lè padà sọ́dọ̀ èyí tó wà nílẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ mọ́ tí eré bá ti kọjá nǹkan bíi 40 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n kò lè dípò jíà kékeré lórí òkúta ńlá, ẹni tó bá sì ń tún wágọ̀nù ṣe pẹ̀lú ìrètí pé yóò di Wrangler ń fi owó ṣòfò.

Táyà ni àtúnṣe àkọ́kọ́, ó sì fi púpọ̀ wúlò ju gbogbo ìyókù lọ. Títì ọlọ́dà ni wọ́n ṣe táyà tó bá wágọ̀nù wá láti ilé-iṣẹ́ fún: ojú rẹ̀ kò jìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fúyẹ́, òkúta mímú kan ti tó láti ya á. Táyà tí wọ́n ń pè ní A/T, tí a ṣe fún oríṣiríṣi ilẹ̀, ní ojú gbàǹgbà tó ń gbá ẹrẹ̀ mú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì nípọn. Rímù tó kéré tún ń ṣèrànwọ́. Táyà 225/60R18 ga ní nǹkan bíi 727 mìlímítà láti òkè dé ìsàlẹ̀, 225/65R17 ga ní nǹkan bíi 724. Gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ èkejì fi mìlímítà 11 ga ju ti èkíní lọ, rọ́bà tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ sì ń bẹ láàárín òkúta àti irin rímù.

Ẹ̀gbẹ́ gíga náà ló ń jẹ́ kí wọ́n lè dín afẹ́fẹ́ kù. Lórí títì, afẹ́fẹ́ táyà wágọ̀nù máa ń wà ní nǹkan bíi 33 sí 35 psi. Bí wọ́n bá dín in kù sí 20 tàbí díẹ̀ sí i lórí iyanrìn, ojú táyà á gùn sí i lórí ilẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ á sì tàn ká dípò kí ó máa gbẹ́ kòtò. Kò ná ni ní kọ́bọ̀, ó sì ń yọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí olúwa rẹ̀ ìbá ti rò pé àfi kí wọ́n fà. Eré gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ní gbogbo àkókò tí afẹ́fẹ́ bá fi wà nílẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ kékeré tó ń lo iná bátìrì láti fẹ́ táyà padà kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀. Èyí tó ń pa àwọn tó ń ra táyà tuntun lára ni ọ̀rọ̀ ìdọ́gba. Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nígbà gbogbo, bí táyà kan bá kéré ju àwọn yòókù lọ, ó ní láti máa yí sáré jù wọ́n lọ, kílọ́ọ̀ṣì tó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn á sì máa gbóná láìdáwọ́dúró títí tí yóò fi bàjẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, sípíà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Táyà tín-ín-rín tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fi sí búùtù kò wúlò ní àádọ́ta máìlì sí abúlé tó súnmọ́ jù.

Irin tó ń bo abẹ́ ọkọ̀ ló tẹ̀lé e. Ike lásán ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ wágọ̀nù, láti dín afẹ́fẹ́ kù lábẹ́ rẹ̀ kí epo bẹntiróòlù má baà tètè tán. Òkúta kan tó bá gbá àpótí òróró ẹ́ńjìnnì ti lè fòpin sí ìrìn-àjò náà. Páànù alumíníọ̀mù tó nípọn bíi mìlímítà 5 lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, jíà àti àpótí jíà ẹ̀yìn ni wọ́n sábà ń fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní láti gbẹ́ ihò sí i kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí wọ́n sì lè pààrọ̀ òróró láìtú gbogbo rẹ̀.

Gbígbé ọkọ̀ sókè ni ó gbajúmọ̀ jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì ṣe jù. Outback lásán ní sẹ̀ǹtímítà 22 láàárín abẹ́ rẹ̀ àti ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Wilderness, tó jáde ní 2021, ní 24. Ọ̀nà tí kò wọ́n púpọ̀ ni kí wọ́n fi irin róbótó sáàárín orí ṣọ́ọ̀kì àti ara ọkọ̀, tí yóò ti ara náà sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 5. Ara ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ṣáàfùtì tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á dàgẹ̀rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Bí ìdàgẹ̀rẹ̀ náà bá pọ̀, rọ́bà tó bo oríkèé ṣáàfùtì á ya, gíríìsì á jáde, iyanrìn á wọlé, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kà-kà-kà nígbà tó bá ń yí kọ̀nà. Àwọn ohun èlò tó dára jù máa ń fi irin mìíràn sọ ibi tí ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà ẹ̀yìn jókòó lé kalẹ̀ díẹ̀ kí ṣáàfùtì lè padà tọ́. Àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ sọ pé díẹ̀ nínú gíga tí wọ́n rà ti tipa bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 4 ni ó bójú mu fún ọ̀pọ̀ wágọ̀nù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè, aláínmẹ́ńtì di dandan, iná iwájú gbọ́dọ̀ padà sísàlẹ̀ kí ó má baà máa fọ́ àwọn tó ń bọ̀ lójú, àwọn kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, tí wọ́n ń bá awakọ̀ ṣọ́ ọ̀nà, sì lè máa ṣìnà nítorí pé ojú tí wọ́n fi ń wo ilẹ̀ ti yí padà.

Ohun kan wà tí gíga nìkan kò lè yanjú, ìyẹn ni bọ́ńpà gígùn. Imú wágọ̀nù yọ síwájú táyà rẹ̀, kí táyà tó dé ẹsẹ̀ òkè ṣóńṣó, bọ́ńpà á ti kọ́kọ́ fara gbún un. Outback lásán kò lè kojú òkè tó bá dúró ju nǹkan bíi dígírì 18.6 lọ láìfara gbún un. Wilderness lè kojú 20. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, àmọ́ ó tó láti gba bọ́ńpà kan là.

Nínú gbogbo èyí, ìwúwo ni ọ̀tá tí ẹnìkan kì í rí. Ohun tí wágọ̀nù lè gbé, èrò àti ẹrù pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju 400 sí 500 kìlógírámù lọ, ó sì wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Àgbàlagbà mẹ́rin ti lè kó 300 nínú rẹ̀. Omi lítà 40 jẹ́ kìlógírámù 40, àgọ́ orí ọkọ̀ jẹ́ 50 sí 80, irin abẹ́ ọkọ̀, sípíà ńlá, fíríìjì àti bátìrì náà ń bẹ. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ á jókòó, gíga tí wọ́n fi owó rà á sì lọ. Èyí ló mú kí sìpíríǹgì líle fún ẹ̀yìn sàn fún ẹlòmíràn ju gbígbé sókè lọ. Ìwúwo ló tún ń yọ jíà CVT lẹ́nu. Bẹ́líìtì tàbí ṣéènì irin ló ń sáré láàárín kẹ̀kẹ́ méjì nínú jíà yìí, bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù bá sì ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn aṣálẹ̀, òróró rẹ̀ á gbóná débi tí kọ̀ǹpútà á fi gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ ní láti dúró kí ó tutù. Àwọn mìíràn máa ń fi rédíétọ̀ kékeré kún un.

Nípa ti orí ọkọ̀, ìwọ̀n méjì ló wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń da wọ́n pọ̀. Kárìà Wilderness lè gbé nǹkan bíi 318 kìlógírámù nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, èyí tó tó fún àgọ́ àti àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, 100 péré ni. Ẹrù tó wà lókè ń mú kí ọkọ̀ máa fì bó bá ń yí kọ̀nà, ó sì ń jẹ epo. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí lè sùn nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá tẹ àga ẹ̀yìn sílẹ̀, ilẹ̀ inú Outback gùn súnmọ́ mítà méjì, pákó tí wọ́n gé bá a àti fómù sì ti di ibùsùn. Fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí díẹ̀, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, nítorí èémí ẹni méjì yóò ti bo gíláàsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ewu ńlá ibẹ̀ ni kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún ìgbóná nígbà tí yìnyín ti dí ẹnu èéfín. Gáàsì carbon monoxide kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ké tí gáàsì yìí bá wà kò wọ́n.

Bátìrì tó ń ta ọkọ̀ jí kọ́ ni ó yẹ kó máa gbé fíríìjì lóru. Bátìrì kejì, tó sábà máa ń jẹ́ lithium, ni wọ́n ń fi sí búùtù, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gba iná láti ara ẹ́ńjìnnì àti pánẹ́ẹ̀lì sólà kan. Kò yẹ kí wọ́n fi iná kún irú bátìrì bẹ́ẹ̀ nígbà tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo dígírì.

Ọkọ̀ tí wọ́n bá tún ṣe dáadáa ṣì lè há. Ṣọ́bìrì àti pákó ike eléyín tí wọ́n ń tẹ́ síwájú táyà lórí iyanrìn ló ń yọ wágọ̀nù jù, kì í ṣe wínṣì, ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀. Tí ọkọ̀ mìíràn bá ní láti fà á, ibi tí wọ́n so okùn mọ́ ṣe pàtàkì ju okùn lọ. Irin tí wọ́n ń yí wọ inú bọ́ńpà jẹ́ fún gbígbé ọkọ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń fa tírélà kò sì gbọ́dọ̀ gba okùn tó ń fà, nítorí ó lè já kí ó sì fò bí ọta ìbọn.

Ibi tí ọkọ̀ lè dé kò sì ju ibi tí òfin gbà lọ. Lórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ènìyàn lè pàgọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ 14, kí ó tó di pé ó gbọ́dọ̀ ṣí lọ. Ṣùgbọ́n ní Canyonlands, ní ìpínlẹ̀ Utah, ọkọ̀ tó ní jíà kékeré ni wọ́n ń béèrè fún ní àwọn ọ̀nà tó le jù níbẹ̀. Bó ti wù kí wágọ̀nù ga tó, kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ní Iceland, òfin gba ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà láàyè ní ọ̀nà òkè tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú F, àmọ́ ìbánigbófò ọkọ̀ àyágbé kì í sábà sanwó bí odò bá wọ ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò, wọ́n ń fún bóòtù abẹ́ ọkọ̀ àti ti kárìà mọ́lẹ̀ padà, wọ́n ń wo rọ́bà ṣáàfùtì bóyá ó ti ya, wọ́n sì ń fi omi ṣan iyọ̀ àti ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti la omi jíjìn kọjá, wọ́n máa ń ṣí àpótí jíà ẹ̀yìn wò: àpótí tó gbóná tó bá ṣàdédé bọ́ sínú omi tútù ń fa omi náà wọlé láti ojú ihò èémí rẹ̀. Òróró tó bá ti funfun bíi wàrà gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ náà gan-an.